Orí Kan, Iye Kan

Àkọ́bí mi, ìwọ tó ṣí ilẹ̀kùn kí àwọn tó kù tó rí ọ̀nà wọlé,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ṣé ilé alájà mẹ́rin tí o ń gbé yẹn ṣì dúró ṣinṣin, nítorí èmi kò fọkàn tán ilé tí aládùúgbò ẹni ń rìn lókè orí ẹni? Àwa náà wà, a kò ráhùn. Orúnkún ìyá rẹ ti ń gbọ́ràn, ojú mi ṣì ń ríran, ọwọ́ mi kò sì gbọ̀n, ìyẹn sì ni àwọn tó ń jókòó sábẹ́ abẹ mi máa ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó ṣí fìlà. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á gbúròó ara wa ní búburú. Ọ̀nà rẹ yóò máa là níwájú, kò ní dí lẹ́yìn. Ìyá rẹ jókòó tì mí níbí, ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun. Mo ní ọmọ tó ń gba owó oṣù yóò máa jẹun, ó ní kí n ṣáà kọ ọ́, mo sì ti kọ ọ́.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ, n kò pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù tí o rà fún mi dára, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù. Kí n tó kí ọ tán, kí n kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé, obìnrin kan á ti já lu ọ̀rọ̀ wa pé owó inú rẹ̀ ti tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti bẹ obìnrin yẹn pé kó jẹ́ kí n parí àdúrà, kò dá mi lóhùn rí. Ìwé ní tirẹ̀ kì í já lu ọ̀rọ̀ ẹni.

Ọ̀rọ̀ tó gba gbogbo ìlú kan ni mo tìtorí rẹ̀ mú bírò. Fara balẹ̀ kí o gbọ́ ọ, nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ àǹtí rẹ, àbúrò mi obìnrin, ló fẹ́ bá a lọ. O rántí afárá onípákó tó lọ sí ọjà àti ilé ìwé. Pákó kan kọ́kọ́ já, a ń dá a kọjá, èkejì já, a ń fò ó, nígbà tó yá kò sí pákó tí à ń tẹ̀ mọ́, fífò nìkan ló kù, àwa àgbà kò sì lè máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lọ ra iyọ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú wá pe gbogbo wa sí gbọ̀ngàn, wọ́n ní a ó fi sìmẹ́ǹtì àti irin kọ́ òmíràn, owó rẹ̀ yóò sì ti ọwọ́ gbogbo wa jáde. Akọ̀wé ìgbìmọ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń ki bírò bọ ẹ̀yìn etí, ní owó-orí ni a ó dá, iye kan náà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti àgbà àti ọmọ ọwọ́, àti olówó àti ẹni tí kò ní. Ó ní ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ san, kí ó gbé ohun tó ṣeé tà nínú ilé rẹ̀ wá, ìgbìmọ̀ yóò bá a tọ́jú rẹ̀ títí owó yóò fi dé. Gbogbo wa la mọ irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Tíṣà tó kọ́ ọ ní ìṣirò dìde, ó ní kò tọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ohun tí kálukú ń rí lóṣù ni kí á wò, kí ẹni tó ń rí púpọ̀ san púpọ̀. Èmi náà bá dìde. O mọ̀ pé n kì í lè dákẹ́ tí wọ́n bá ti dárúkọ orí, orí ni iṣẹ́ mi. Mo ní kí a má fi orúkọ nǹkan kan pe nǹkan mìíràn. Mo ní owó-orí ni owó-orí ń jẹ́, orí ni à ń wò kí á tó gbà á. Tó bá jẹ́ ohun tí ọwọ́ rí ni Tíṣà fẹ́ wò, kó pè é ní owó-ọwọ́, kí á mọ̀ pé nǹkan ọ̀tọ̀ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi títí ojú fi tì mí díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìlú ti pín sí méjì, ará-orí ń bẹ, ará-ọwọ́ ń bẹ, tọkọtaya kan ládùúgbò wa kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹni tó pàtẹ́wọ́ jù ni Onígẹdú, olówó tó ni ilé ìlagi etí odò, tó kọ́ ilé oníyàrá mọ́kànlá tí òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ń gbé. Ó dìde, ó nàka sí mi níwájú gbogbo ayé, ó ní kí wọ́n wo onígbàjámọ̀ wa, ọlọ́gbọ́n ènìyàn, ó ní kí ni wọ́n kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀? Gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn pé ORÍ KAN, IYE KAN. Ìwọ náà lo fi ọ̀dà pupa bá mi kọ ọ́ nígbà tí o wà ní ìwé kẹfà. Orí mi wú, àkọ́bí mi, tó bá jẹ́ pé bí orí ṣe tóbi tó ni wọ́n ń wò, ǹ bá san ti ènìyàn mẹ́ta lọ́jọ́ náà. Onígẹdú wá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ó ní ẹni tó làágùn tó sì rí owó, tí wọ́n bá tìtorí pé ó làágùn ju ẹlòmíràn lọ gba púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni yóò tún fẹ́ làágùn lọ́la? Ó ní òmìnira ọrọ̀ ajé ni ìlú nílò, kí kálukú máa ṣòwò rẹ̀ bó ṣe wù ú láìsí ẹni tí yóò máa yọjú wo àpò rẹ̀.

Òmìnira yìí dùn mọ́ mi létí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo sọ iye tí mò ń gbà di ìlọ́po méjì, torí bó ṣe wù mí nìyẹn. Ẹni àkọ́kọ́ jókòó, ó gbọ́ iye, ó dìde, ó ní ó dàbọ̀. Ẹnì kejì kò tilẹ̀ jókòó. Títí oòrùn fi yí, kílípà mi kò dún. Ìyá rẹ gbé omi wá fún mi, ó ní ó jọ pé àwọn oníbàárà náà ti gbọ́ nípa òmìnira. Mo dá iye náà padà sí ibi tí mo ti gbé e.

Ìgbìmọ̀ wá ní èmi ni kí n bá wọn ka orí ìlú, nítorí kò sí orí tí ọwọ́ mi kò tíì kàn. Wọ́n fún mi ní nǹkan pẹlẹbẹ kan bíi síléètì, dígí ni gbogbo ojú rẹ̀, wọ́n ní tí mo bá ti rí orí kan kí n fi ìka tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ náà kò le, ìwà síléètì náà ni kò dára. Gbogbo ilé tí mo bá kà tán ló máa ń kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé ṣé ó dá ọ lójú. ‘Ọ’ ló pè mí o, kò pè mí ní ‘yín’, nǹkan tí wọ́n ṣe lánàá! Mo kọ́kọ́ mú sùúrù. Nígbà tó di ilé kẹwàá mo gbé e sókè, mo sọ fún un pé mo ti ń gé irun kí bàbá ẹni tó ṣe é tó hu irùngbọ̀n. Akọ̀wé tó ń bá mi kiri ní síléètì kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ, ó ní kí n ṣáà tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mo tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n tìbínú-tìbínú ni.

Nílé Onígẹdú, wọ́n fi mí sórí àga kan tó gbé mi mì, orúnkún mi wà ní ọ̀gangan etí mi. Mo ka orí méjì, tirẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ wọn ti lọ sí òkè òkun. Mo rò pé ajá ni yóò ṣe ẹ̀kẹta, wọ́n ní kò kàn án. Bí mo ṣe ń lọ, ó gbá mi léjìká, ó ní tí ọ̀rọ̀ orí yìí bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, òun yóò ra àga onígbàjámọ̀ kan fún mi, irú èyí tó ń yí, tó ń lọ sókè tó ń sọ̀ kalẹ̀. N kò ní purọ́ fún ọ, àga yẹn wọ̀ mí lójú. Mò ń yí lórí rẹ̀ nínú ọkàn mi títí mo fi dé ilé àǹtí rẹ.

Àǹtí rẹ jókòó síbi ẹ̀rọ, ó ń rán aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró. Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, òun, ọmọ márùn-ún, àti ìyá ọkọ rẹ̀ tí kò lè dìde mọ́. Mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ méje. Mo tún wọn kà bóyá ẹnì kan ti jáde, wọ́n ṣì jẹ́ méje, ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi pé yàrá kan àti pálọ̀ yìí yóò san ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ilé oníyàrá mọ́kànlá máa san. Síléètì bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ìgbà yẹn nìkan ló wù mí kí n dá a lóhùn pé rárá. Àǹtí rẹ kò sunkún, kò sì bẹ̀ mí. Ohun tó bi mí kò ju pé ṣé èmi ni mo máa gbé ẹ̀rọ náà lọ sí gbọ̀ngàn ni àbí àwọn ará ìgbìmọ̀, torí ẹsẹ̀ òsì ẹ̀rọ ti ń mì, ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti gbà á mú. Mo ní n kò mọ̀. Mo jáde, mo gbàgbé fìlà mi síbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé kejì, gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n ka iye orí sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Mo kà á. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Onígẹdú mo ní méjì, nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi mo ní méje, ariwo sì sọ. Má rò pé ènìyàn búburú ni Onígẹdú o. Ó ní ènìyàn mọ́kàndínlógún ló ń jẹun nílé ìlagi òun, tí a bá sì fi owó lé òun kúrò, igi ń bẹ ní ìlú kejì náà, àwọn mọ́kàndínlógún yẹn kò sì lè jẹ afárá. Eegun ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò lè sọ pé kò sí. Tíṣà fèsì pé gẹdú náà, orí afárá ni yóò gbà kọjá, ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́fà lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ arúgbó kan kò wúwo tó táyà kan. Ó ní kí kálukú yọ márùn-ún nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún tó bá rí. Mo bi í pé tí ọgọ́rùn-ún náà kò bá wá ńkọ́, ṣé márùn-ún yẹn á máa dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà? Ó mí kanlẹ̀, ó jókòó.

Ibẹ̀ ni àǹtí rẹ ti dìde. Ó kí gbogbo àgbà, ó wá kọjú sí mi. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun jọ̀ọ́, èló ni wọ́n ń gbà tí wọ́n bá gé irun àwọn ọmọ òun? Mo wúkọ́. Ó ní òun kò gbọ́. Mo ní n kì í gba nǹkan kan. Ó ní akọ̀wé ńkọ́? Mo ní àbọ̀ ni, torí ìgbìmọ̀ kò tíì san owó oṣù mẹ́ta fún un. Ó wá rọra bi mí pé Ọ̀gá Onígẹdú ńkọ́. Àkọ́bí mi, òógùn bò mí. Mo wo òrùlé, mo wo ilẹ̀, kò sí èyí tó gbà mí nínú àwọn méjèèjì. Mo jẹ́wọ́ pé ìlọ́po méjì ni mò ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án, tí mò ń sọ fún un pé ti ìpara ẹ̀yìn ọrùn ni. Bẹ́ẹ̀ o mọ̀ pé irun tó kù lórí Onígẹdú kò ju ọgbà tó yí pápá ká lọ, gbogbo àárín rẹ̀ ló ń dán.

Gbọ̀ngàn dà rú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Onígẹdú fajú ro, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti ń nu omijé ẹ̀rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà tó yá òun náà ṣí fìlà, ó fọwọ́ pa orí yẹn, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n dákun gbàgbé ọ̀rọ̀ àga. Àǹtí rẹ ní kì í ṣe pé òun fẹ́ dójú ti ẹ̀gbọ́n òun, ó ní òun kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ìlú yìí ti ń san owó-ọwọ́, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ la ti ń san án. Akọ̀wé ní kí ẹni tó bá fẹ́ owó-orí na ọwọ́ sókè. Mo ní ṣé wọ́n rí i, ọwọ́ náà ni wọ́n tún ń pè. Ọwọ́ tó lọ sókè kò tó nǹkan, tèmi kò sí níbẹ̀. Báyìí ni ọwọ́ ṣe borí orí. Onígẹdú ní òun gbà, tí wọn kò bá ṣáà ti ní fọwọ́ kan irinṣẹ́ ẹnikẹ́ni, torí ayùn òun ni òun fi ń rí ohun tí òun máa san. Àǹtí rẹ ló kọ́kọ́ dìde gbè é lẹ́yìn, nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ náà, irinṣẹ́ ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó, òun ló ṣíwájú gbogbo wa lórí ìlà, owó rẹ̀ kò ju ti búrẹ́dì méjì lọ, ó sì ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sórí rìsíìtì kó hàn ketekete.

Èmi náà ti kún fọ́ọ̀mù tèmi, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù yẹn kò mọ ilé wa. Wọ́n ní kí n kọ orísun owó mi. Mo kọ ọ́ pé a kò ní orísun, kànga la ní, ó sì máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Wọ́n bèèrè iye ènìyàn tó gbára lé mi. Mo kọ ọ́ pé ìyá rẹ nìkan ni, èjìká òsì ló sì ń gbára lé, nígbà tí orúnkún bá ń dùn ún. Wọ́n bèèrè ohun ìní tó wà lábẹ́ mi, mo wo ìsàlẹ̀, mo kọ àga. Ní ìparí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ti ọ́fíìsì nìkan nìyí, mo kún ìyẹn náà, nítorí ṣọ́ọ̀bù mi, ọ́fíìsì ni. Akọ̀wé kà á, ó yọ bírò lẹ́yìn etí, ó tún dá a padà síbẹ̀.

Nísinsìnyí ni mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn ọ́. Ní ọjọ́ kejì tí àǹtí rẹ sanwó, ó dá fìlà mi padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó bi mí pé àwọn ọmọ tèmi ńkọ́, báwo ni mo ṣe ń gba owó ilé lọ́wọ́ wọn. Mo fọ́nnu, mo ní iye kan náà lóṣooṣù, lọ́wọ́ rẹ àti lọ́wọ́ àbúrò rẹ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní ìlú tí o wà yẹn, nítorí inú kan náà lẹ ti wá, n kì í fi ọ̀kan ṣe ààyò. Ó wò mí. Ó ní ṣé mo mọ ibi tí ti àbúrò rẹ ti ń wá? Ó ní ọmọ náà sọ ọ́ fún àwọn ọmọ òun lórí fóònù, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ fún mi, ṣùgbọ́n tí oṣù bá ti ń parí, yóò kúrò níbi iṣẹ́, yóò lọ máa ru àpò sìmẹ́ǹtì fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, kò sì ní jẹun ọ̀sán kí iye tí bàbá rẹ̀ ní kó san lè pé.

Ó dùn mí, àkọ́bí mi. Mo jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, mo kọjú sí dígí, n kò sì fẹ́ràn ẹni tí mo rí níbẹ̀. Ìka kò dọ́gba, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún àwọn tí mò ń gé irun fún, n kò sọ ọ́ fún ara mi rí.

Nítorí náà, ìpàdé ti wáyé níbí, èmi àti ìyá rẹ, a sì ti na ọwọ́. Láti oṣù yìí lọ, ìwọ yóò máa yọ ìlọ́po méjì ohun tí o ń fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, torí owó oṣù lò ń gbà, àti pé ìpara ẹ̀yìn ọrùn kò mú nǹkan wọlé mọ́, iye tí gbogbo ayé ń san ni Onígẹdú náà ń san báyìí, bẹ́ẹ̀ èmi náà ní owó afárá láti san. Má kọ̀wé ẹ̀hónú sí mi, ìpàdé ti túká. Ní ti àbúrò rẹ, mo ti kọ̀wé sí i pé iye búrẹ́dì kan ni kó máa fi ránṣẹ́. N kò sọ pé kó má san nǹkan kan, ọmọ mi ni, n kò fẹ́ kó máa wọlé wá bí ẹni tí kò ní ìpín nínú ilé bàbá rẹ̀.

Nínú ìlọ́po méjì yẹn, má fi àbọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, èmi àti ìyá rẹ yóò rọ́gbọ́n dá sí ti afárá. Mú un dání, kí o máa lọ sí ọgbà mẹkáníìkì yẹn ní ọ̀sán, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń jẹun tí òun ń díbọ́n pé òun ń wá sípánà. Má sọ fún un pé èmi ni mo rán ọ. Sọ fún un pé ebi ń pa ọ́, o sì ń wá ẹni tí ẹ jọ máa jẹun.

Orí rẹ yóò gbè ọ́. Ohun tí o bá dáwọ́ lé yóò yanjú. Ẹ kò ní pàdánù ara yín nínú ìlú ńlá yẹn, ìwọ àti àbúrò rẹ. Àwa tí a bí yín yóò jẹ èrè yín, ẹ̀yin náà yóò jẹ èrè àwọn tí ẹ bá bí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Onígbàjámọ̀.